Ìyá Oníná Ń Dáhùn: Omi Ni Iṣẹ́ Wa, Kì Í Ṣe Iná

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àfi bíi pé gbogbo díráyà, ẹ̀rọ tí à ń fi mú nǹkan gbẹ, ní ilẹ̀ Yorùbá gbìmọ̀ pọ̀ láti yọnu lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí: pákí ni mo ń bó nílé iṣẹ́ kan lágbègbè Ṣàgámù, lásìkò tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò pákí kalẹ̀ lọ́dún 2002, tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ pákí bí ẹni tó wa góòlù kàn. Nígbà tó yá, wọ́n gbé díráyà wọlé. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó ń darí rẹ̀ kò wá síṣẹ́, ẹnjiníà wá ké sí mi pé, "Ìyá yìí, ẹ wá bá mi da pákí sẹ́nu ẹ̀rọ." Láti ọjọ́ náà, n kò padà sídìí ọ̀bẹ mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni mo fi dúró níbẹ̀ kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, àmọ́ mo ti jóná, mo ti ba ìyẹ̀fun jẹ́, mo sì ti mọ ohun tó bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹ̀fun tútù láàárọ̀, ìyẹ̀fun jíjó nírọ̀lẹ́

*Ìyá Oníná, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, oṣù kejì rèé tí mo wà nídìí fláàṣì díráyà nílé iṣẹ́ ìyẹ̀fun pákí kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, àpò mẹ́rin márùn-ún àkọ́kọ́ máa ń tutù. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyẹ̀fun á máa ní èérún dúdú dúdú, á sì máa rùn bí iṣu tó jóná. Ọ̀gá mi ní n kò mọ iná tọ́jú. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń yí bọ́nà tó ń dáná fún un sókè sódò, kò yàtọ̀. Kí ni kí n ṣe, mà?*

Ọmọ mi, kọ́kọ́ mú ọwọ́ kúrò lára bọ́nà ná. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Omi ni wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ lé lórí, kì í ṣe iná. Iná kàn jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá ọ lé omi jáde ni.

Wo ọ̀nà tí pákí ń gbà. Wọ́n bó o, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rin ín, jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ mìíràn fọ́ ìṣù rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, súkúrù wá ń tì í díẹ̀díẹ̀ sínú páìpù tí fáànù ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná. Afẹ́fẹ́ yẹn gbé e lọ sókè fìrì. Kí o tó pe "Olúwa gbà mí" tán, ó ti dé inú sáíkílóònù, níbi tó ti ń pòòyì bí òkòtó, tí ìyẹ̀fun ń já bọ́ sísàlẹ̀, tí oru sì ń bá ihò òkè lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ tí mo lò, afẹ́fẹ́ tó wọlé ní ohun tó lé ní 150°C, tó bá fi máa jáde, nǹkan bíi 60 sí 65 ló máa ń kù. Ibo ni ìyókù lọ? Omi ló gbé e. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ̀fun kì í fi í jóná nínú afẹ́fẹ́ tó lè yan ẹran: níwọ̀n ìgbà tí omi bá ń kúrò lára rẹ̀, ara rẹ̀ kò ní gbóná tó afẹ́fẹ́, bí omi inú àmù ṣe ń tutù lọ́sàn-án gangan torí pé ara àmù ń làágùn. Ìgbà tí omi bá tán lára rẹ̀ tí kò sì tètè jáde ni jíjó ń bẹ̀rẹ̀.

Tẹmómítà méjì ló wà lára ẹ̀rọ rẹ. Ọ̀kan wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, èkejì wà níbi tó ń gbà jáde. Ẹni tuntun kì í wo èkejì, torí nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ ló ga tó ń dẹ́rù bani. Èkejì ni kí o fojú sí. Bó bá ń wálẹ̀, pákí tí ò ń fún ẹ̀rọ ti pọ̀ jù, tàbí ó tutù jù. Bó bá ń gòkè, ebi ń pa ẹ̀rọ. Súkúrù ni kí o fi dá a lóhùn: dín in kù tàbí kí o fi kún un, díẹ̀díẹ̀, kí o sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin wò ó kí o tó tún fọwọ́ kàn án. Ìwọ tó ń yí bọ́nà kiri yìí, nígbà tí àyípadà àkọ́kọ́ bá fi máa hàn, o ti ṣe ẹ̀kẹta.

Ní ti àárọ̀, mo lè fi orí mi sọ̀fà pé o kì í jẹ́ kí irin gbóná. Tẹmómítà ẹnu ọ̀nà ti pe 150, o rò pé ó ti yá, o da pákí sí i. Páìpù ṣì tutù, sáíkílóònù ṣì tutù, oru inú rẹ̀ á padà di omi lára irin, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn. Fáànù ló ń kọ́kọ́ wọlé, bọ́nà tẹ̀lé e, pákí ló kẹ́yìn, àfi ìgbà tí tẹmómítà *ẹ̀yìn* bá ti ga ju ibi tí o fẹ́ kó dúró sí dáadáa, torí pé pákí àkọ́kọ́ tó bá wọlé ló máa fà á wálẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ parí iṣẹ́, yí i padà: pákí kọ́kọ́ dúró, bọ́nà kú, fáànù á máa fẹ́ lọ títí afẹ́fẹ́ tó ń jáde fi máa tutù. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ máa ní ò ń fi dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ṣòfò. Jẹ́ kó wí.

Ìrọ̀lẹ́ wá ńkọ́? Lọ wo inú ẹnu ẹ̀rọ tí ẹ ń da pákí sí. Pákí tí ẹ ti fún láti ọ̀sán á ti dì, á ṣe bí afárá lókè súkúrù, ihò á wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú rẹ, ẹnu ẹ̀rọ kún dẹ́múdẹ́mú, súkúrù sì ń yí, àmọ́ òfo ló ń tì. Bọ́nà kò mọ̀, ó ń jó lọ. Ìyẹ̀fun díẹ̀ tó bá kọjá nígbà yẹn á gbẹ kọjá ààlà. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ kọ́nà páìpù láti àárọ̀ (tìẹ náà nìyẹn, èyí tó tutù) á wá yan níbẹ̀ títí á fi dúdú, á máa já bọ́ ní ẹyọ ẹyọ sínú àpò. O ò rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ àárọ̀ ló ń jẹ́wọ́ nírọ̀lẹ́? Fi igi tí kò ní ìṣó lórí tú afárá yẹn. Má fi ọwọ́ ṣe é láé bí súkúrù bá ń yí! Mo mọ ọkùnrin kan tó fi ìka méjì kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Bí iná NEPA bá sì ń dínkù lálẹ́, wo fáànù. Fáànù tí kò yára tó kò lè gbé pákí tútù gòkè, yóò jókòó sí kọ́nà, a tún ti padà sí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí o gbọ́ jù lọ rèé, kí ọ̀gá rẹ náà sì gbọ́. Díráyà kì í bẹ̀rẹ̀ níbi díráyà. Ìdí jáàkì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ fẹ́ ṣe tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun kan tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 10 nínú 100. Bí ìṣù tó ti abẹ́ jáàkì wá bá ní omi ìdá 40, kílò 1,500 lẹ máa dà sẹ́nu ẹ̀rọ, kílò 500 omi sì ni ẹ máa lé jáde. Bó bá jẹ́ ìdá 45, omi yẹn di nǹkan bíi kílò 636. Bó bá jẹ́ ìdá 50, ó di kílò 800. Ìyẹ̀fun kan náà o! Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan, bí ooru rẹ̀ kò bá ṣòfò rárá, á sọ nǹkan bíi kílò 15 omi di oru. Kò sí díráyà tó ń rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Èyí tí mo lò ń ṣe bí ìdajì. Nítorí náà, láti ìdá 40 dé ìdá 50, nǹkan bíi 40 lítà dísẹ́ẹ̀lì ti wọgbó lórí tọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, torí pé ẹni tó ń fún jáàkì fẹ́ tètè lọ jẹun. Jáàkì kì í mu dísẹ́ẹ̀lì. Èmi a máa ra àkàrà fún ẹni tó wà nídìí jáàkì wa láràárọ̀, kó lè fi ogún ìṣẹ́jú kún un fún mi. Máníjà rò pé inú rere ni.

Ọ̀nà tí o fi lè mọ omi inú ìṣù nìyí, láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá: wọn gíráàmù 100 rẹ̀, tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú àwo, gbé e sínú ààrò yàrá àyẹ̀wò tó wà ní 105°C, máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́. Bó bá ku gíráàmù 58, omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 42. Bí kò bá sí ààrò, bu ìṣù náà sọ́wọ́, fún un dáadáa, ṣí ọwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bá tutù rin, tí ìṣù náà sì dúró bí ẹ̀kọ, padà sídìí jáàkì. Bó bá sán, tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó o ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ti yá.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ẹ má di ìyẹ̀fun gbígbóná sínú ọ̀rá. Mo ti rí ọgọ́rùn-ún àpò tí wọ́n dì ní gbígbóná lálẹ́ Jímọ́ọ̀, tí a ṣí lọ́jọ́ Ajé tó ti di òkúta, tí ewú sì hù lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn gbẹ o, tẹmómítà kò parọ́. Òógùn ara rẹ̀ ló pa á.

Gàrí ńkọ́?

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹgbẹ́ obìnrin elégàrí ni wá, àwa méjìlá. Ọkùnrin kan fẹ́ ta fláàṣì díráyà àlòkù fún wa, ó ní a ò ní yan gàrí nínú èéfín mọ́, pé tọ́ọ̀nù kan lóòjọ́ la máa máa rí. Ṣé ká dá owó rẹ̀?*

Ẹ má dá a, ẹ̀yin àbúrò mi. Gàrí kì í ṣe ohun tí a ń mú gbẹ lásán, yíyan là ń yan án. Nínú agbada, sítáàsì inú pákí máa ń jinná díẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀. Nǹkan bíi 60 sí 70°C ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Jíjinná yẹn ló ń jẹ́ kí gàrí wú nínú omi tútù tí ẹ fi ń mu ún. Nínú fláàṣì díráyà, kò ráyè jinná, omi ti lọ. Ohun tí ẹ máa kó jáde á funfun, á kan díẹ̀, á jọ láfún ju gàrí lọ. Ẹ da omi tútù sí i, ẹ ó rí i bó ṣe máa rọ̀ jọ sísàlẹ̀ ife bí ẹfun.

Bó bá jẹ́ èéfín ló ń yọ yín lẹ́nu, ààrò tó ní símínì (páìpù tí èéfín ń gbà jáde lókè) tó gùn, tí ẹnu tí ẹ ń ti igi sí wà lẹ́yìn ògiri, á gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ lówó tí kò tó ìdá mẹ́wàá ti ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó sì ń ta díráyà fún elégàrí, ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti mu èyí tó ti inú rẹ̀ jáde rí.

Kòkó tó ń rùn èéfín

*Mo kí yín, Ìyá. Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní ẹ̀bá Ìdànrè, mo tún ń ra tàwọn ẹlòmíràn. Torí òjò, mo kọ́ díráyà oní-igi kan: iná ń jó nínú páìpù nísàlẹ̀, kòkó wà lórí pẹpẹ lókè. Ọjọ́ méjì péré ni kòkó mi fi ń gbẹ. Lọ́dún yìí, oníbàárà mi gbé àpò mọ́kànlá padà, ó ní ó ń rùn èéfín, pé ó tún kan. Ṣé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni?*

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: kò jọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀sùn méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kíkan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, ọtí kíkan wà nínú hóró rẹ̀. Ọtí kíkan yẹn ní láti bá omi jáde láti ara èèpo, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ooru bá gbóná jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèpo á gbẹ, á sé mọ́ ọn bí ilẹ̀kùn. Omi á ṣì wá ọ̀nà jáde, àmọ́ kíkan á ṣẹ́ kù sínú. Ọjọ́ méjì tí ẹ fi ń yangàn yẹn ni àìsàn rẹ̀. Oòrùn máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan, oòrùn sì gbọ́n jù wá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ó ń gbóná lọ́sàn-án, ó ń sinmi lóru, tí omi àárín hóró á fi ráyè wá sí ẹ̀yìn. Ẹ ṣe bí tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sá a síta ọjọ́ kan tàbí méjì bí òjò bá gbà yín láyè. Tí ẹ bá wá gbé e sórí pẹpẹ, ẹ má jẹ́ kí ooru ara kòkó kọjá 60°C, ẹ máa rò ó dáadáa, ẹ sì jẹ́ kí iná náà kú lóru. Ibi tí ẹ ń lọ ni omi ìdá 7 sí 7.5 nínú 100. Bó bá lé ní ìdá 8, ewú á hù nínú àpò. Bó bá lọ sísàlẹ̀ ìdá 6, á máa fọ́, ẹ ó sì ti fi owó ara yín lé omi tí ẹ bá tà lọ, torí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń rà á.

Èéfín ló le jù nínú méjèèjì, torí kòkó tí èéfín bá ti wọ̀ lára, kò sí nǹkan tó lè yọ ọ́ mọ́. Ọ̀rá inú kòkó ló ń gbá òórùn mú, bí òrí tí à ń fi para ṣe ń gbá òórùn tùràrí mú. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ṣokoléètì á tọ́ ọ wò títí dé òpin. Ó sì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ adùn nìkan: láti ọdún 2013 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òfin dé àwọn májèlé inú èéfín tó lè wà nínú ọ̀rá kòkó, wọ́n tún fún òfin náà pọ̀ lọ́dún 2015. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tó kọjá ìwọ̀n, ọkọ̀ á gbé e padà. Ìdí kan náà nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ará wa pé kí wọ́n yé sá kòkó sórí títì ọlọ́dà.

Páìpù yín ti lu níbì kan, ó dá mi lójú. Báyìí lẹ ṣe máa mọ ibẹ̀. Ẹ kó gbogbo kòkó kúrò. Ẹ ti ewé tútù mọ́ iná kó lè rú èéfín funfun gan-an. Ẹ fi nǹkan di ẹnu símínì díẹ̀, kì í ṣe pátápátá o. Kí ẹnì kan dúró lókè pẹpẹ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó wo abẹ́ dáadáa. Ibi tí èéfín bá ti ń yọ bí òwú, ẹ fi ẹfun sàmì sí i. Mo ti bá ẹnì kan ṣe é ní ọ̀nà Oǹdó, ihò mẹ́tàdínlógún la sàmì sí lára páìpù kan ṣoṣo tó búra pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Èyí tó lu níbi ìdè, ẹ jó o pọ̀. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́, torí amọ̀ á sán lọ́jọ́ kejì. Kí ẹnu símínì ga ju òrùlé lọ, kí ẹnu tí ẹ ń ti igi sí má sì dojú kọ ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, kó má bàa gbé èéfín padà sórí kòkó.

Mọ́kànlá tó padà yẹn, ẹ má pò ó mọ́ èyí tó dára. Ó máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún yín.

Ọmọ mi ń wúkọ́

*Ìyá Oníná, àkọ́bí mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sítáàsì. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á funfun bí egúngún, á máa wúkọ́ títí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní nǹkan dún gbòlà nínú páìpù, iná yọ fìrì, iná náà sì kú. Súpáfásọ̀ wọn ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àyà mi ń já. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.*

Ìyá àkọ́bí, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó bá mi lẹ́rù, tí ikọ́ á wá tẹ̀lé e.

Ẹ ti rí ọmọ tó ń da ìyẹ̀fun sínú iná rí? Bí ó bá dà á ní òkìtì, á kàn dúdú. Bó bá fọ́n ọn sókè, á gbiná wùù. Ìyẹ̀fun kan náà ni. Fífọ́n ló fún un ní afẹ́fẹ́ yíká ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sítáàsì tó ń fò nínú páìpù tàbí nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n tì pa, tí ẹyọ iná kan bá bá a pàdé, kò ní jó bí igi, ó máa bú gbàù ni. Lọ́jọ́ 7 oṣù Èrèlé ọdún 2008, ní Port Wentworth ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, eruku ṣúgà lásán, ṣúgà tí à ń fi sí ẹ̀kọ, ló bú nílé iṣẹ́ Imperial Sugar. Ènìyàn 14 ló kú. Ìbúgbàmù àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi nírú ọ̀rọ̀ báyìí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbọn eruku tó ti jókòó sórí igi àjà àti ẹ̀yìn páìpù láti oṣù mélòó kan. Eruku yẹn á bọ́ sójú afẹ́fẹ́, òun ló ń ṣe èkejì, èkejì ló ń gbé òrùlé lọ. Gbòlà tí ọmọ yín gbọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé kò rí nǹkan gbọ̀n.

Èmi náà ti rí i. Nílé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà, wẹ́dà ń jó irin mọ́ ara páìpù nígbà tí ìyókù ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, torí pé máníjà kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró ìdajì ọjọ́. Mo dúró nídìí ìlẹ̀kùn àyẹ̀wò. Ohun tí mo rántí ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà òórùn irun ara mi. Irun òkè ojú mi méjèèjì lọ, irun ìpéǹpéjú lọ, apá òsì mi bó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fi tìróò ya irun òkè ojú kí n tó lọ sí ọjà. Ó pani lẹ́rìn-ín báyìí. Kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹ ní kí ọmọ yín wo nǹkan wọ̀nyí fún mi. Kó fi ìka fa orí igi àjà: bí ìka rẹ̀ bá lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kó hàn ketekete, eruku ti pọ̀. Kó wo bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀: bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń fọ́n ọn, ìyẹn ni fífọ́n tí mo wí, fífà ló yẹ kí wọ́n fà á, tàbí kí wọ́n fi ìgbálẹ̀ rírọ̀ gbá a jẹ́ẹ́. Kó wò bóyá wáyà kan ti ara páìpù àti sáíkílóònù lọ sínú ilẹ̀, torí ìyẹ̀fun tó ń ha irin lára máa ń kó iná mọ̀nàmọ́ná jọ. Kó wò bóyá pátákó tó lè ṣí fúnra rẹ̀ wà lára sáíkílóònù, tí ìbúgbàmù lè gbà jáde síta, síbi tí ènìyàn kì í gbà kọjá. Àti pé, ṣé wọ́n ń jó irin, ṣé wọ́n ń fi gíráíńdà gé irin, nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́? Bí wọ́n bá ń ṣe é, kó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ní kó jáde síta títí wọ́n á fi parí.

Ní ti ikọ́: áńkáṣíìfù tí wọ́n ń so mọ́ imú, ẹ̀tàn ni. Eruku tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró kéré débi pé ó ń gba àárín òwú aṣọ kọjá. Ìbòmú N95 tàbí FFP2 ló yẹ ẹ́, èyí tó dì mọ́ imú tó sì ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ lókè tí à ń tẹ̀ mọ́ egungun imú. Kó pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti dọ̀tí tàbí tó bá ń ni mímí lára. Kó gbọn aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kó má gbé egúngún wọlé bá àbúrò rẹ̀. Bí ikọ́ náà bá ń dínkù lọ́jọ́ ìsinmi tó tún ń padà lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún dókítà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn á là á lójú ju kí ẹ kàn ní ó ń wúkọ́. Ẹ bi í nípa etí náà. Fáànù wọ̀nyẹn ń pariwo. Níbi tí ènìyàn bá ti ní láti kígbe kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí i tó gbọ́, ó ti kọjá 85 dẹ́síbẹ̀lì, ìwọ̀n ariwo tí wọ́n ní kí wákàtí mẹ́jọ má kọjá láìdi etí. Èmi kò di tèmi. Ọmọ ọmọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ láti apá òsì mọ́, ó ti mọ̀.

Súpáfásọ̀ tó ní kí wọ́n dákẹ́ ni n kò ní àforíjì fún. Kí ọmọ yín sọ fún ẹni tó ju ú lọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi déètì sí i, kó má dá nìkan sọ ọ́: kí àwọn mẹ́ta mẹ́rin lọ pọ̀.

Ní ṣókí

*Ṣé dandan ni kí n ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì kí n tó lè di ọpurétọ̀ díráyà?* Rárá, àbúrò. Kí o lè ka tẹmómítà, kí o lè ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kí o sì lè jókòó wákàtí mẹ́jọ láìfọwọ́ kan ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ̀kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò lè ṣe.

*Kí ló dé tí pákí wa kì í fi í mú ìyẹ̀fun púpọ̀ wá lóṣù tí òjò bá bẹ̀rẹ̀?* Òjò àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kó rúwé tuntun, sítáàsì inú rẹ̀ ló sì fi ń rú u. Ẹ má lọ bá ẹ̀rọ jà.

Àtúnṣe

Olùkọ́ kan kọ̀wé láti Ìwó pé mo ṣìṣe lóṣù tó kọjá. Mo kọ ọ́ pé bí a bá mú kílò 1,000 ìṣù pákí tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 wá sí ìdá 10, kílò 300 omi la lé jáde. Òótọ́ ni olùkọ́ sọ, mo yọ 10 kúrò nínú 40 bí ọmọ kékeré. Nínú kílò 1,000 yẹn, 600 ni pákí gan-an, kò sì ní yí padà. Bí ìyẹ̀fun bá jáde tó ní omi ìdá 10, 600 yẹn ló dúró fún ìdá 90 rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ nǹkan bíi 667. Omi tó lọ jẹ́ 333. Kílò 33 tí mo gbàgbé yẹn jẹ́ bíi lítà dísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ààbọ̀, ẹni tó bá ti lo ìṣirò mi fún ìnáwó oṣù yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe kí máníjà tó rí i.